Ọkọ̀ gbéra ní aago mẹ́rin: ìgbà wo ló yẹ kí bàálù wa ti balẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Ìlú Chicago la wà. Màmá wa máa pé ẹni 70 ọdún, a sì ti sanwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ọlọ́jọ́ méje tó máa gbéra ní Miami ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún. Àwa méje la ń lọ láti ibí. Àbúrò màmá wa obìnrin máa wá bá wa láti Ìbàdàn, fíìsà Amẹ́ríkà sì wà lọ́wọ́ wọn. Àbúrò mi ti rí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí owó rẹ̀ kéré gan-an: a máa gbéra láàárọ̀ Sátidé yẹn, a máa pààrọ̀ bàálù ní Charlotte, a sì máa balẹ̀ sí Miami ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àfi ká lọ ní Fúráìdè. Owó òtẹ́ẹ̀lì ló ń já mi láyà. Ta ni ká tẹ̀ lé nínú àwọn méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ ní ẹ̀mí wọn á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ẹ̀gbọ́n yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ lọ ní Fúráìdè, kí ẹ sì wọ bàálù àárọ̀ tó ń lọ tààrà, tí kò yà síbì kankan. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe, àwọn tó ń lọ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ sì pọ̀ nínú àwọn tí mò ń bá ṣètò ìrìnàjò. Gbogbo nǹkan yòókù la lè jọ ná, ká gé e síbí, ká fi kún un lọ́hùn-ún. Èyí nìkan ni mi ò kí ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká jọ ka aago náà. Aago mẹ́rin tí wọ́n kọ sínú ìwé yín, ìgbà tí ọkọ̀ máa ṣí kúrò létí èbúté nìyẹn. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti fi orúkọ gbogbo èrò inú ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́bodè, ó pẹ́ tán, ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ti ìlẹ̀kùn ìwọlé ní wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú. Tiyín máa bọ́ sí aago méjì ààbọ̀ sí aago mẹ́ta. Tí wọ́n bá ti fi orúkọ ránṣẹ́ tí orúkọ yín ò sí níbẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ń wo ọkọ̀ náà gàgàrà níwájú yín, kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹkún ò ràn án, àlàyé ò ràn án.

Ẹ wá wo bàálù tí àbúrò yín rí. Ó balẹ̀ ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó tó rìn dé ẹnu ọ̀nà tí èrò ń gbà sọ̀kalẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn ti lọ. Bí màmá bá ń lo àga onítáyà, ẹ̀yin lẹ máa sọ̀kalẹ̀ gbẹ̀yìn, torí ẹni tó ń lo àga ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé wọlé, òun náà ni wọ́n sì ń gbé jáde kẹ́yìn. Ẹ̀yin ṣì máa dúró de ẹrù. Èèyàn méje pẹ̀lú ẹrù ọlọ́jọ́ méje kò lè wọ táksì kan, ẹ máa nílò méjì tàbí ọkọ̀ ńlá kan. Èbúté Miami kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú náà, nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ bíi mélòó kan ń kó èrò pọ̀ níbẹ̀, erékùṣù sì ni èbúté yẹn wà. Gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ tó ń lọ ló máa fún mọ́ra wọn lójú ọ̀nà kan náà. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú lẹ máa dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé ni mo wí.

Chicago nínú oṣù kejì ń kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Yìnyín lè má pọ̀ tó èyí tó máa dá bàálù dúró, síbẹ̀ wọ́n ní láti fi omi oògùn fọ̀ ọ́ kúrò lára ìyẹ́ rẹ̀ kó tó fò, bàálù bíi mẹ́wàá sì lè tò sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ìfọ̀ yìí. Ìdádúró ogójì ìṣẹ́jú ní O'Hare, pápákọ̀ Chicago, ti tó láti jẹ́ kí bàálù Charlotte fò lọ láìdúró dè yín. Ibi tó sì ń dùn mí jù fún àwọn ìdílé ńlá nìyí: bí ẹnì kan ṣoṣo bá pàdánù bàálù, ó lè rí àyè kan wọ èyí tó kàn. Èèyàn méje ò lè rí i. Bàálù tó ń lọ sí Miami láàárọ̀ Sátidé nínú oṣù kejì ti kún fún àwọn tó ń sá fún òtútù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn náà sì ń lé ọkọ̀ ojú omi lọ. Wọ́n lè fún yín ní àyè méjì ní aago kan, mẹ́ta ní aago mẹ́fà, kí wọ́n sọ àwọn méjì tó kù di ọjọ́ kejì.

Kì í sì í ṣe yìnyín nìkan. Nígbà Kérésìmesì ọdún 2022, ilé iṣẹ́ bàálù Southwest wọ́gi lé bàálù tó lé ní 16,000 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà wọn tí kò lè tò àwọn òṣìṣẹ́ padà sójú iṣẹ́ ló sọ ọ́ di ìṣòro ńlá. Nínú oṣù keje 2024, àṣìṣe kan nínú ohun èlò ààbò kọ̀ǹpútà CrowdStrike dá ọ̀pọ̀ bàálù dúró káàkiri ayé, ó sì gba ilé iṣẹ́ bàálù Delta ní ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó gbérí. Ọjọ́ kan ṣáájú kò lè gba gbogbo èèyàn là nínú irú ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń fún yín ní àyè láti jà: ẹ ṣì lè wọ bàálù alẹ́, ẹ ṣì lè gba ìlú mìíràn, bó bá sì burú tán ẹ lè háyà mọ́tò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, torí òun gan-an lẹ béèrè.

Ọjọ́ Fúráìdè tí ẹ ń bẹ̀rù owó rẹ̀ yìí náà ló máa bá yín wá ibi tí owó máa ti dín. Ẹni tó ń lọ ní Sátidé kò ní àṣàyàn: pápákọ̀ Miami ni, aago àárọ̀ kùtùkùtù ni, iyekíye tí wọ́n bá pè é ló máa san. Ẹni tó ń lọ ní Fúráìdè lè balẹ̀ sí Fort Lauderdale, tí kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì sí èbúté Miami. Ìlú méjèèjì fara kanra, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù olówó pọ́ọ́kú sì pọ̀ ní Fort Lauderdale, ìdí nìyẹn tí owó ibẹ̀ fi sábà máa ń rẹlẹ̀. Chicago náà ní pápákọ̀ méjì, O'Hare àti Midway. Ẹ ṣí Google Flights, ojúlé tí Google fi ń wá tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, kí ẹ kọ ORD (O'Hare) àti MDW (Midway) pa pọ̀ síbi tí ẹ ti ń gbéra, kí ẹ kọ MIA (Miami) àti FLL (Fort Lauderdale) síbi tí ẹ ń lọ. Ọ̀nà mẹ́rin á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó sì rí èyí tó rọ̀ jù. Ẹ lè gba Fort Lauderdale lọ, kí ẹ sì gba Miami bọ̀, kò sófin tó ní kí ẹ gba ibì kan náà.

Àmọ́ ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín dáadáa kí ẹ tó yan òtẹ́ẹ̀lì. Fort Lauderdale ní èbúté tirẹ̀, Port Everglades, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn ti pápákọ̀ òfurufú níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan sì ń lo èbúté méjèèjì. Bákan náà ni wọ́n ń kọ "Orlando" nígbà tó jẹ́ Port Canaveral ni wọ́n ní lọ́kàn, ibẹ̀ sì tó nǹkan bíi máìlì 45 sí pápákọ̀ Orlando. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú rẹ̀: ìwé á ní "London", Southampton lọkọ̀ wà. Ẹni tí wọ́n bá kọ "Rome" fún, Civitavecchia ló ń lọ, ó sì lé ní ọgọ́ta kìlómítà sí pápákọ̀ Fiumicino. Orúkọ èbúté ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tiyín ṣì máa ní lẹ́tà tẹ́míná, ìyẹn ilé tí èrò ti ń wọ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí tẹ́míná pọ̀ ní èbúté Miami, òun sì ni awakọ̀ táksì máa kọ́kọ́ bi yín.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ò mọ̀, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn gan-an. Nínú bàálù kan náà, níbi ìjókòó ẹ̀yìn kan náà, iye tí wọ́n ń ta àyè kò dọ́gba. Ilé iṣẹ́ bàálù máa ń pín in sí ìpele: àyè díẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, díẹ̀ ní owó tó ga jù ú lọ, títí dókè. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé èèyàn méje ń lọ, kọ̀ǹpútà á wá ìpele tí àyè méje ti ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ mẹ́rin péré ló kù ní ìpele ìsàlẹ̀, kò ní fún ẹni mẹ́rin ní pọ́ọ́kú kó wá fún ẹni mẹ́ta ní ọ̀wọ́n. Gbogbo ẹ̀yin méjèèje ló máa gbé sí ọ̀wọ́n, kò sì ní sọ fún yín. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá a bíi pé ẹnì kan ló ń lọ, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá a fún méjì, fún mẹ́ta, fún mẹ́rin, títí owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi fò sókè. Ibi tó ti fò yẹn ni pọ́ọ́kú ti tán. Bó bá jẹ́ lórí ẹnì karùn-ún ni, ẹ ra ti ẹni mẹ́rin lọ́tọ̀, kí ẹ sì ra ti ẹni mẹ́ta lọ́tọ̀, lójú ẹsẹ̀, nínú bàálù kan náà. Tí ẹ bá ti rà á tán, ẹ pe ilé iṣẹ́ bàálù náà, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé méjèèjì pé ìdílé kan ni yín. Màmá ò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí kò ní ọmọ tó tójú bọ́ nínú, torí bí bàálù bá dàrú, ìwé kọ̀ọ̀kan ni kọ̀ǹpútà ń tún ṣètò fún, kì í ṣe ìdílé.

Wọ́n á tún fi èyí tí wọ́n ń pè ní Basic Economy tàn yín. Òun ni ó rọ̀ jù lójú, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè yí i padà bó ṣe wù yín, wọ́n lè tú yín ká sórí ìjókòó káàkiri inú bàálù, ti United kò tiẹ̀ gbà kí ẹ gbé báàgì ńlá wọnú bàálù nínú ìrìnàjò abẹ́lé. Mo fẹ́ràn kí ẹ fi owó díẹ̀ kún un, kí ẹ ra ìpele tó tẹ̀ lé e. Ìdí mi ni pé American, Delta àti United kì í gba owó ìtanràn mọ́ fún yíyí ìpele yẹn padà. Bí owó bàálù yín bá já wálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, ẹ lè wọ áàpù wọn lọ, kí ẹ yí i sí bàálù kan náà ní owó tuntun, wọ́n á sì fi ìyàtọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún yín láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ẹ jẹ́ kí Google Flights máa bá yín ṣọ́ ọ, á máa fi ímeèlì ránṣẹ́ bí owó bá yí. Oṣù kan sí oṣù mẹ́ta ṣáájú ló sábà máa ń dára láti ra ti abẹ́lé Amẹ́ríkà, àfi bí Sátidé yín bá bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ Presidents' Day, ìsinmi ìjọba Amẹ́ríkà kan nínú oṣù kejì. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni, ẹ tètè rà á, torí ọ̀pọ̀ oníléèwé ló ń jáde lákòókò yẹn.

Tààrà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù ni kí ẹ ti rà á. Mo mọ̀ pé àwọn ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi dọ́là mẹ́wàá tàbí ogún dín owó rẹ̀ kù. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú, ilé iṣẹ́ bàálù á ní kí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, ẹni yẹn á sì ní kí ẹ dúró lórí fóònù. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú rírà á tààrà: òfin Amẹ́ríkà fún yín ní wákàtí 24 láti yí ọkàn padà, kí wọ́n sì dá gbogbo owó yín padà, bí ọjọ́ ìrìnàjò bá ṣì tó ọjọ́ méje ó kéré tán. Ẹ lo wákàtí yẹn dáadáa. Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí gbogbo ìdílé, kí oníkálukú yẹ orúkọ rẹ̀ wò.

Nígbà tí ímeèlì rẹ̀ bá sì wọlé, ẹ má kàn wo ọjọ́ àti aago kí ẹ pa á dé. Ẹ wá àmì onílẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà kan tó pò mọ́ra, bíi K7QX2M. Àmì àyè tí wọ́n fi pamọ́ fún yín nìyẹn. Ẹ tún wá nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó máa ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́tàlá: ti American bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 001, ti Delta pẹ̀lú 006, ti United pẹ̀lú 016. Bí ẹ bá rí àmì mẹ́fà náà tí ẹ ò rí nọ́ńbà mẹ́tàlá, ẹ ò tíì ní tíkẹ́ẹ̀tì o. Àyè lásán ni wọ́n gbà sílẹ̀, ó sì lè bọ́. Bí ìrìnàjò bá ní ìpààrọ̀ bàálù, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló yẹ kó bo ọ̀nà náà já fún ẹnì kan. Bó bá jẹ́ méjì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tà á. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé iṣẹ́ kejì á kà yín sí ẹni tí kò wá, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn á sì jóná. Àwọn tó ń tò tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú méjì pọ̀ láti fi dé ibi ọkọ̀ ojú omi wà nínú ewu yìí, wọn kì í sì í mọ̀ títí ọjọ́ náà á fi dé.

Aago tí ẹ máa wọ̀ ní Fúráìdè náà ṣe pàtàkì. Bàálù àárọ̀ kùtùkùtù ti sun ibẹ̀ mọ́jú, kò dúró de bàálù kankan láti ìlú mìíràn. Bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ni ìdádúró ń gorí ara wọn, torí bàálù tó pẹ́ ní Denver láàárọ̀ ló máa wá gbé yín ní Chicago lálẹ́. Bí àárọ̀ bá wọ́n jù, ẹ mú ti ọ̀sán. Ẹ má mú èyí tó gbẹ̀yìn lálẹ́, torí kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì kò gbọ́dọ̀ kó yín lọ́kàn sókè. Ẹ má wá èyí tó wà létí òkun ní Miami Beach, oorun òru kan lẹ fẹ́ sùn. Àwọn tó wà nítòsí pápákọ̀ òfurufú sábà máa ń ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tó ń gbé èèyàn láti pápákọ̀, àwọn mìíràn ń fi oúnjẹ àárọ̀ kún un. Yàrá oníbẹ́ẹ̀dì méjì gba ẹni mẹ́rin, ìyẹn ni pé yàrá méjì á gba gbogbo yín. Ẹ yan èyí tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà, kí ẹ lè gbá a dànù bí ẹ bá rí èyí tó rọ̀ jù lẹ́yìn náà. Ẹ wá fi owó yàrá méjì yìí wé owó ọkọ̀ ìgbafẹ́ èèyàn mẹ́jọ. Bí ẹ ò bá dé, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ ò wá ni, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í sì í dá owó ẹni tí kò wá padà.

Orúkọ ń kọ́? Páásípọ́ọ̀tì ni ọ̀gá. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ náà ni kó wà lórí ìwé ọkọ̀ ojú omi. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ "Alhaja" sójú àyè orúkọ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ti kọ orúkọ ọkọ síbi tí páásípọ́ọ̀tì ti ní orúkọ ilé bàbá. Bí páásípọ́ọ̀tì bá ní Adebisi, ẹ má kọ Bisi. Nígbà tí ẹ bá sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti béèrè àga onítáyà fún màmá. Ọ̀fẹ́ ni, òfin ló fún wọn. Ẹ béèrè ti èbúté náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, torí ìlà ibẹ̀ máa ń gùn.

Ẹrù: mo mọ̀ pé aṣọ ẹbí á wà fún alẹ́ ọjọ́ ìbí. Inú báàgì tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ó wà, pẹ̀lú gèlè, oògùn màmá àti gbogbo páásípọ́ọ̀tì. Báàgì tí ilé iṣẹ́ bàálù bá gbé ṣìnà ò ní bá yín lójú omi, àfi bóyá ní erékùṣù tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ yà sí. Ẹ sì ka owó báàgì mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sọ pé ọ̀kan rọ̀ ju èkejì lọ.

Ti àǹtí yín tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn gba sùúrù díẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kó gbé wọn láti Èkó dé Florida. Delta ń fò tààrà láti Èkó sí Atlanta. Níbikíbi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí aṣọ́bodè, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gba ẹrù, tí wọ́n á tún fi í sílẹ̀ fún bàálù tó kàn. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta ó kéré tán sí àárín bàálù méjèèjì. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n dé, kì í ṣe Fúráìdè. Kí ẹ sì tó ra ohunkóhun fún wọn, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ojú ewé fíìsà wọn ránṣẹ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Entries" sí. Bí "M" bá wà níbẹ̀, wọ́n lè wọ Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ "1", ẹ dá ọwọ́ dúró. Nínú oṣù keje 2025 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní fíìsà olóṣù mẹ́ta tó gba ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó bá lọ sí erékùṣù ilẹ̀ òkèèrè tó padà sí Miami, ìwọlé ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ẹ tún bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bóyá páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà nílò fíìsà ní àwọn erékùṣù tí ọkọ̀ máa yà sí, torí ní ẹnu ìlẹ̀kùn èbúté ni wọ́n ti ń dá ẹni tí kò ní in padà.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí bàálù Fúráìdè ṣì dàrú, ẹ má tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Kí ẹnì kan tò síwájú òṣìṣẹ́, kí ẹnì kan máa pe fóònù, kí ẹnì kan wà lórí áàpù. Ẹ sọ fún wọn pé Fort Lauderdale tàbí West Palm Beach náà á ṣe, wọ́n sábà máa ń gbà bó bá jẹ́ pé àwọn ló ba ètò jẹ́. Bí ìdádúró bàálù abẹ́lé bá tó wákàtí mẹ́ta, tí ẹ ò sì fẹ́ lọ mọ́, ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ti ọdún 2024 ní kí wọ́n dá owó yín padà, wọn ò lè fi ìwé owó tí ẹ máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn (voucher) tì yín.

Àwọn kan á ní bí ọkọ̀ bá fi àwọn sílẹ̀, àwọn á lé e bá níbi tó bá kàn. Ó ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin kan wà láti ọdún 1886 tí kò gba ọkọ̀ tó ń ta àsíá ilẹ̀ òkèèrè láàyè láti gbé èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan lọ já a sí òmíràn, àfi bó bá ya èbúté ilẹ̀ òkèèrè tó jìnnà, Bahamas ò sì sí lára ibi tó jìnnà lójú òfin yìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ló ń ta àsíá Bahamas tàbí Panama. Nítorí náà bí ọkọ̀ yín bá kọ́kọ́ ya Key West, tó jẹ́ èbúté Amẹ́ríkà, wọ́n lè má gbà kí ẹ wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ òkèèrè lẹ máa fò lọ, páásípọ́ọ̀tì lẹ sì máa fi fò. Wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ ìlú Amẹ́ríkà pé ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ tó láti fi wọ ọkọ̀ tó bá gbéra tó sì padà sí èbúté kan náà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, kí gbogbo yín mú páásípọ́ọ̀tì dání. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, ẹ fi í sórí fóònù ẹni méjì. Kí ẹ sì ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó dárúkọ pípàdánù ọkọ̀ nítorí ìdádúró bàálù, kí ẹ ka iye wákàtí ìdádúró tí wọ́n máa kà kí wọ́n tó sanwó. Nítorí ọjọ́ orí màmá, ẹ tètè rà á lẹ́yìn tí ẹ bá ti san owó àkọ́kọ́, torí púpọ̀ nínú wọn ò ní gba àìsàn tó ti wà tẹ́lẹ̀ wọlé bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ń ta bàálù. Royal Caribbean ń pe tirẹ̀ ní Air2Sea, Princess ní EZair. Bí ẹ bá ń lọ wọ ọkọ̀ ní Barcelona tàbí Civitavecchia, ẹ wo iye wọn, wọ́n máa ń rí owó tó dára, wọ́n sì ń bá èrò tó bá pẹ́ ṣètò bó ṣe máa lé ọkọ̀ bá. Fún Chicago sí Miami, mi ò rí ìdí tí ẹ ò fi ní rà á fúnra yín.

Ìrìnàjò àbọ̀ yín sí Chicago ló kù. Ibẹ̀ ni kí àbúrò yín ti lo ọgbọ́n owó pọ́ọ́kú rẹ̀, torí kò sí ọkọ̀ kankan tó ń dúró dè yín ní Chicago. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ bàálù ní Charlotte nígbà náà, kó pààrọ̀ rẹ̀. Aago nìkan ni kó ṣọ́. Ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, àmọ́ kí aṣọ́bodè tó yẹ ìwé wò, kí àwọn tó ń ti àga onítáyà tó yí kan màmá, aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lè ti lù. Ilé iṣẹ́ bàálù sì ń dáwọ́ gbígba ẹrù dúró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ṣáájú. Láti pápákọ̀ Miami, kí ó má ra èyí tó máa gbéra ṣáájú aago méjìlá ọ̀sán. Láti Fort Lauderdale, aago kan ààbọ̀ lọ sókè ni kó wò.